Wọ́n gbé fọ́tò ọkọ mi sórí àga nígbà ìdána wa: ṣé Kánádà á gbà wá?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Aṣọ ni mo ń tà ní Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́. Ọdún 2021 ni ọkọ mi lọ kàwé ní Winnipeg, ní Kánádà. Kó tó lọ la ti bí ọmọkùnrin wa, 2019 ni mo bí i. Àwọn ẹbí mọ̀ wá nígbà yẹn, àmọ́ a ò tíì ṣe ìdána. December 2022 la tó ṣe é. Ọkọ mi ò ráàyè wá, àbúrò rẹ̀ ló dúró fún un, wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà sì ń wò wá lórí WhatsApp. Ní 2024 ó gba PR, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí, nípasẹ̀ Express Entry, ètò tí wọ́n fi ń mú àwọn tó mọṣẹ́ wọlé, ó sì fẹ́ kó wa lọ báyìí. Ajẹ́ńtì kan ní Alágbàká sọ pé ìdána wa kò wúlò, ó ní òun á bá wa gba sàtífíkéètì ìgbéyàwó kóòtù tí ọjọ́ rẹ̀ máa jẹ́ 2020. Mo tún ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 16, tí mo bí fún ẹlòmíràn kí n tó pàdé ọkọ mi. Ajẹ́ńtì ní kí n fi orúkọ ọkọ mi rọ́pò ti bàbá rẹ̀ kó má bàa dí wa lọ́wọ́. Ìyá ọkọ mi náà ń béèrè bóyá àwọn lè bá wa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí a ṣe? Ṣé kí n ti máa ta ọjà inú ìsọ̀ mi?

Ìdáhùn

Ẹ kú ọjà o, arábìnrin mi, ajé á wọgbá. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo bẹ̀ yín, ẹ má san kọ́bọ̀ kan mọ́ lórí sàtífíkéètì 2020 yẹn. Bí ẹ bá ti san díẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Ìwé èké ni, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni lábẹ́ òfin Nàìjíríà, àmọ́ kì í ṣe torí ìyẹn nìkan ni mo ṣe ń kìlọ̀. Ìwé náà gan-an ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Màá ṣàlàyé bó ṣe máa tì í tí mo bá débẹ̀.

Agbẹjọ́rò ni mí níbí ní Àkúrẹ́. Ìwé ìgbéyàwó, ìwé ọmọ, àti ọ̀rọ̀ ẹni tí ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá sí ọ́fíìsì mi ló sì ní ọkọ tàbí aya lókè òkun. Ìwé tí wọ́n máa kó jọ ni gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ béèrè. Èmi a máa dá wọn padà sẹ́yìn. Ìwé tí ẹni tó wà lọ́hùn-ún ti kọ kó tó di pé ó gba PR, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ yín ń béèrè ìwé àṣẹ láti lọ kàwé ní 2021, fọ́ọ̀mù bi í bóyá ó ti gbéyàwó. Nígbà tó ń béèrè PR, wọ́n tún bi í, ìyẹn sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ: gbogbo ọmọ tó bí ni wọ́n ní kó kọ sílẹ̀, wọn ìbáà bá a lọ, wọn ìbáà má bá a lọ. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú fáìlì títí di òní. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá gbé ìwé yín fún, fáìlì ọkọ yín ló máa kọ́kọ́ kà. Tí ẹ bá wá kó ogún ìwé jọ láti Àkúrẹ́, tí wọn ò sì bá ohun tó ti wà nílẹ̀ mu, ẹ̀yin gan-an ni ogún ìwé yẹn yóò máa ta kò.

Nítorí náà, ẹ pe ọkọ yín lálẹ́ òní, kí ẹ fara balẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Kí ló kọ síbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ó ti gbéyàwó, ní 2021 àti nígbà PR? Ǹjẹ́ ó kọ orúkọ ọmọ yín? Ǹjẹ́ wọ́n yẹ ara ọmọ náà wò? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí, ẹ̀yin náà lè dáhùn rẹ̀. Ọmọ yín wà lọ́dọ̀ yín ní Àkúrẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn. Bí ọkọ yín bá kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ̀yin lẹ óò ti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ìjọba Kánádà yàn, kí PR bàbá rẹ̀ tó jáde. Tí ẹ ò bá rántí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, àyà mi ń já díẹ̀, ó sì yẹ kí tiyín náà já, kí ẹ lè tètè wá ojútùú.

Ó ṣeé ṣe kí ọkọ yín sọ pé òun ò rántí, tàbí pé ẹlòmíràn ló bá òun kọ fọ́ọ̀mù. Ìyẹn kò ṣòro. Ẹnikẹ́ni tó ní PR, tó sì wà ní Kánádà, lè béèrè ẹ̀dà fáìlì tirẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de wọn lábẹ́ òfin tó fún aráàlú láǹfààní láti rí àkọsílẹ̀ ìjọba. Dọ́là Kánádà 5 péré ni owó rẹ̀. Kó béèrè, kó dúró dè é, kó kà á tán, kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun fún yín.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó báyìí? Ìlànà ìwọlé-wọ̀de Kánádà ti ọdún 2002 ní abala kan, 117(9)(d), tó ti já ọ̀pọ̀ ìdílé sí méjì. Ohun tó sọ ni pé, bí ẹnì kan bá gba PR láìjẹ́ kí wọ́n yẹ ọkọ, aya tàbí ọmọ tó ní nígbà náà wò, kò ní lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún wọn gẹ́gẹ́ bí ẹbí mọ́. Òfin kò ní kó kó wọn dání. Kó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí dókítà sì yẹ̀ wọ́n wò, ìyẹn náà ni. Ìjọba fẹ́ mọ gbogbo ẹni tó ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé e lọ́la kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Àwọn ajẹ́ńtì wa mọ abala yìí. Wọ́n ṣì ń sọ fún ọ̀dọ́kùnrin pé kó kọ pé òun ò ní aya, òun ò bímọ. Ìdí wọn ni pé, nínú Express Entry, iye owó tí wọ́n ní kí èèyàn fi hàn ní báńkì máa ń ga bí ìdílé bá ṣe pọ̀ tó, títí kan aya àti ọmọ tí kò bá a lọ. Bí a bá yọ ìyàwó àti ọmọ kúrò, owó náà á dínkù, ojú ọ̀nà á dà bíi pé ó rọrùn. Kò sí ẹni tó ń sọ fún ọ̀dọ́kùnrin yẹn pé ọmọ tó yọ kúrò nínú fọ́ọ̀mù lónìí lè dàgbà sí ìlú mìíràn láìsí bàbá. Èyí máa ń dùn mí dọ́kàn.

Tí ọkọ yín bá kọ orúkọ ọmọ yín, tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ dúpẹ́, ọ̀nà rẹ̀ ti là. Tí kò bá kọ ọ́, kò tíì parí, àmọ́ ẹ ò ní gba ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà. Ní 2019, Kánádà gbé ètò àánú kan jáde fún irú ẹbí tí wọ́n yọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń sá fún ewu, àti àwọn tí ọkọ, aya tàbí òbí fi ìgbọ̀wọ́ mú wọlé, ni ètò náà wà fún. Ẹni tó gba Express Entry kò sí níbẹ̀. Ohun tó kù fún un ni ìpín 25 nínú òfin ìwọlé-wọ̀de wọn, níbi tí èèyàn ti lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fojú àánú wo ọ̀rọ̀ òun. Ibẹ̀ ni òfin ti sọ gbangba pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ro ohun tó dára jù fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ̀bẹ̀ yìí nílò ẹ̀rí tó jinlẹ̀: rìsíìtì owó ilé ìwé tí bàbá san, owó oúnjẹ tó ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, lẹ́tà olùkọ́, ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ mọ̀ nípa bàbá rẹ̀. Ó sì nílò òtítọ́ látẹnu ọkọ yín nípa ìdí tí kò fi kọ orúkọ ọmọ náà.

Mi ò ní fi ewu ibẹ̀ pa mọ́ fún yín. Lábẹ́ ìpín 40 nínú òfin kan náà, ẹni tó bá parọ́ tàbí tó fi ohun pàtàkì pa mọ́ lè pàdánù PR rẹ̀, ilẹ̀kùn Kánádà á sì wà ní títì fún un fún ọdún 5. Nítorí náà, kí ọkọ yín tó kọ lẹ́tà kankan sí ìjọba nípa ọmọ tí kò kọ sílẹ̀, kó kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú agbẹjọ́rò Kánádà. Ibi tó yẹ kí owó tí ẹ fẹ́ fún ajẹ́ńtì Alágbàká yẹn lọ nìyẹn.

Ó wá kan ẹ̀yin fúnra yín, àti fọ́tò tó wà lórí àga.

Lójú tiwa, kò sí àléébù kankan nínú ìdána yín. Àwọn àgbà ẹbí méjèèjì jókòó, alága ìdúró àti alága ìjókòó ṣe tiwọn, wọ́n ka ìwé ìtọrọ, wọ́n gba ẹrù, wọ́n sì gbàdúrà fún yín. Ìyàwó ilé ni yín, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn dójú tì yín. Ṣùgbọ́n láti June 2015, Kánádà kì í ka ìgbéyàwó sí mọ́ bí ọ̀kan nínú tọkọtaya kò bá sí níbi ayẹyẹ náà fúnra rẹ̀. Kò gba kí ẹnì kan dúró fún un, kò gba tẹlifóònù, kò gba íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn sójà wọn nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda fún. Ìgbéyàwó orí Zoom tí àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó fún báyìí, abẹ́ òfin kan náà ló bọ́ sí. Ajẹ́ńtì yẹn ò parọ́ níbi tó ti sọ pé ìdána 2022 ò ní wúlò fún fọ́ọ̀mù. Àtúnṣe tó mú wá ló burú.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Tí ẹ bá gbé sàtífíkéètì 2020 sílẹ̀, ohun tí ẹ ń sọ fún Kánádà ni pé ọkọ yín ti ní aya kóòtù nígbà tó béèrè ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ ní 2021, ó sì ṣì ní i nígbà tó gba PR ní 2024. Tó bá kọ pé òun ò tíì gbéyàwó, ẹ ti fọwọ́ ara yín jẹ́rìí pé ó parọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin náà á wá di aya tó wà nílẹ̀ ní 2024 tí wọn ò yẹ̀ wò, abala 117(9)(d) tí mo sọ lókè á sì gbé yín lọ. Ìgbéyàwó tòótọ́ tí ẹ bá ṣe ní báyìí kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí, torí pé ìdána tí wọn ò kà sí kò sọ yín di aya rẹ̀ ní 2024 lójú òfin wọn.

Ohun kan ṣoṣo ló lè da èyí rú, ẹ sì gbọ́dọ̀ ronú sí i dáadáa. Kánádà a máa ka ọkùnrin àti obìnrin tó bá gbé pọ̀ bíi tọkọtaya fún ọdún kan gbáko sí ẹbí ara wọn, kódà tí wọn ò ṣe ìdána, tí wọn ò lọ kóòtù. Ṣé ẹ jọ ń gbé nínú ilé kan kó tó lọ ní 2021? Àbí ẹ̀yin wà lọ́dọ̀ ìyá yín, tí òun náà wà nílé tiwọn, tí ọmọ kàn so yín pọ̀? Ìdáhùn méjèèjì kò já síbì kan náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, ọdún àti àdírẹ́sì, kí ọkọ yín gbé e fún agbẹjọ́rò Kánádà yẹn pẹ̀lú fáìlì rẹ̀. Ẹ má tún un ṣe kó lè dùn létí.

Lẹ́yìn tí agbẹjọ́rò bá ti wò ó, tó sì ní kí ẹ tẹ̀ síwájú, kí ọkọ yín wá sílé, kí ẹ sì ṣègbéyàwó níbi tí ẹ̀yin méjèèjì wà. Kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó yẹ ọjọ́ tí káàdì PR rẹ̀ máa parí wò, torí pé láìsí káàdì náà wọn kì í sábà jẹ́ kí èèyàn wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sí Kánádà. Ẹ ò nílò láti dúró dè é kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà gbà kí ẹnì kan nínú yín fi ìwé ìfilọ̀ sílẹ̀ ní rẹ́jísírì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àkúrẹ́ lè lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ lọ ṣe é. Ìfilọ̀ náà á wà nílẹ̀ fún ọjọ́ 21, wọ́n á wá fún yín ní ìwé àṣẹ tí kò bá sí ẹni tó ta kò ó, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe ìgbéyàwó náà kí oṣù mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ ìfilọ̀. Tí ọkọ yín bá ráyè ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ọjọ́ 21 náà ti pé kó tó balẹ̀. Òfin wa gbà kí àwọn tó ti fẹ́ ara wọn ní ìlànà ìbílẹ̀ tún fẹ́ ara wọn ní kóòtù, ẹ má bẹ̀rù pé ẹ̀ ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Tí ẹ bá wá ń kọ fọ́ọ̀mù, ẹ má fi ìdána 2022 pa mọ́. Ẹ máa rí fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní IMM 5532, òun ló ń béèrè bí ẹ ṣe pàdé, ta ló mọ̀ nípa yín, ayẹyẹ wo lẹ ṣe, àti ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ pé ìdána wáyé, ọkọ yín ò sí níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló dúró fún un, ẹ sì wá ṣègbéyàwó kóòtù lẹ́yìn ìgbà tó dé. Òṣìṣẹ́ tó máa kà á lè má mọ ohun tó ń jẹ́ alága ìjókòó, kó máa rò pé ìyá yín ni. Ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan: èyí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, èyí ni àbúrò ọkọ mi. Fọ́tò mélòó kan tó ní àlàyé ju àpò fọ́tò lọ. Fọ́tò inú àkókò tí ọkọ yín bá wá sílé, tí òun àti ọmọ yín jọ wà, lágbára gan-an. Ẹ fi ẹ̀rí owó tó ń fi ránṣẹ́ sí i, àti ọ̀rọ̀ WhatsApp láti ọdún kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ti oṣù tó kọjá nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yín, nítorí pé ohun tí ajẹ́ńtì ní kí ẹ ṣe sí i bà mí nínú jẹ́. Ọmọ yín ni. Kò sì dí yín lọ́wọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 22, tí kò lọ́kọ, tí kò sì bá ọkùnrin gbé bíi tọkọtaya, lè wà nínú ìwé ìyá rẹ̀, bí ọkọ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ kì í tiẹ̀ ṣe bàbá rẹ̀. Ọjọ́ tí ìwé yín bá dé ọwọ́ wọn ní pípé ni wọ́n máa fi ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, ọdún tó bá lò lẹ́yìn náà nídìí ìdúró kò ní yọ ọ́ kúrò. Ẹ fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Sàtífíkéètì ìbí tí àjọ tó ń ka iye èèyàn fún un, orúkọ tó wà nínú ìwé ilé ìwé rẹ̀, ti páṣípọ́ọ̀tì àti ti NIN, kí gbogbo wọn dọ́gba. Káàdì ilé ìwòsàn kì í ṣe sàtífíkéètì ìbí o.

Ohun tí ẹ nílò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni ìyọ̀ǹda. Nítorí pé ọmọ náà kò tíì pé ọdún 18, bàbá tí kò bá a lọ máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù IMM 5604, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè wà láàárín yín. Ẹ rán àgbàlagbà kan tí òun náà ń bọ̀wọ̀ fún sí i, kí wọ́n ṣàlàyé pé ọmọ ò ní yí orúkọ padà. Ìbẹ̀rù yẹn ló máa ń mú kí ọ̀pọ̀ bàbá kọ̀. Tí ẹ bá wá a títí tí ẹ ò rí i, ilé ẹjọ́ ni ẹ máa gbà lọ fún àṣẹ pé ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀tọ́ láti máa tọ́jú ọmọ náà, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìyẹn kíákíá torí pé ẹjọ́ kì í yá. Kódà bí ọmọbìnrin yín bá ní òun fẹ́ dúró parí ilé ìwé ní Àkúrẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú yín. Tí ẹ bá fò ó, ohun tí à ń bẹ̀rù pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí àbúrò rẹ̀ nínú fáìlì bàbá á ṣẹlẹ̀ sí òun náà nínú tiyín.

Ìyókù kò le. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gba ìwé náà. Ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá wà fún ẹni tó ti pé ọdún 18. Títẹ̀ka àti yíya fọ́tò wà fún ẹni tó ti pé ọdún 14, nítorí náà ẹ̀yin àti ọmọbìnrin yín ni, kì í ṣe ọmọkùnrin yín. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní Àkúrẹ́, Èkó tàbí Abuja ni. Tí ẹ bá mú ti Èkó, ẹ lọ sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ má bàa gba àkókò yín. Ẹ má lọ ṣe àyẹ̀wò ara títí wọ́n á fi kọ̀wé pè yín. Tí àìsàn kan bá ń ṣe ọ̀kan nínú yín, kí ẹ má fòyà: òfin yọ aya àti ọmọ tí wọ́n ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún kúrò nínú ọ̀rọ̀ pé ìtọ́jú wọn á ná ìjọba lówó jù.

Ọkọ yín náà máa fọwọ́ sí àdéhùn. Ọdún 3 ló máa fi gbọ́ bùkátà yín, ti àwọn ọmọ jẹ́ ọdún 10 tàbí títí wọ́n á fi pé 25, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Tí ẹ bá gba owó ìrànwọ́ ìjọba láàárín ìgbà yẹn, òun ni wọ́n máa gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, ìkọ̀sílẹ̀ kì í sì í fagi lé e. Wọn kì í sábà béèrè pé kí owó oṣù rẹ̀ tó iye kan fún aya àti ọmọ, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ máa gba owó ìrànwọ́ aláìní. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un fún yín gẹ́gẹ́ bí obìnrin: láti 2017 ni wọ́n ti fòpin sí òfin tó ní kí ìyàwó gbọ́dọ̀ bá ọkọ gbé fún ọdún 2 kí PR rẹ̀ tó dúró. Tí ẹ bá ti débẹ̀, PR yín tiyín ni. Kí ẹnikẹ́ni má fi dẹ́rù bà yín.

Ẹni tó bá máa gbowó lọ́wọ́ yín láti ṣojú yín níwájú ìjọba Kánádà gbọ́dọ̀ jẹ́ agbẹjọ́rò ibẹ̀, tàbí ẹni tí àjọ College of Immigration and Citizenship Consultants fún níwèé àṣẹ. Orúkọ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọkọ yín lè yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Orúkọ onítọ̀hún á sì wà lórí fọ́ọ̀mù IMM 5476. Ajẹ́ńtì tó bá ní kí ẹ má kọ orúkọ òun sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì kọ ìwé yín, ọjọ́ 30 ni ọkọ yín ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, nítorí náà kó má ṣe jẹ́ ẹlòmíràn nìkan ló ń rí ímeèlì tí ìjọba ń fi ránṣẹ́.

Ẹ má ta ọjà ìsọ̀ yín. Ìjọba Kánádà fi oṣù 12 ṣe ìwọ̀n irú ìwé yìí, ó sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀, pàápàá tí ẹ̀bẹ̀ ìpín 25 bá wà nínú rẹ̀. Ìsọ̀ yẹn ló ń bọ́ yín, òun ló máa san owó ilé ìwé àti owó ìwé ọlọ́pàá. Ẹ máa tà, ẹ máa rà, títí PR á fi jáde pẹ̀lú orúkọ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó ku màmá. Kò sí bí a ṣe lè kọ orúkọ wọn mọ́ ìwé yín. Ètò ọ̀tọ̀ ni ti òbí, kì í sì í ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo: orúkọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 2020 ni wọ́n ṣì ń fà yọ nínú rẹ̀ títí di 2025. Ọdún 20 ni àdéhùn rẹ̀ ní Manitoba tí ọkọ yín wà, wọ́n sì máa ń wo owó tó wọlé fún un fún ọdún 3 léraléra. Èyí tó sún mọ́ màmá ni Super Visa. Kì í ṣe PR, àmọ́ wọ́n lè dúró tó ọdún 5 lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n bá wọlé, tí ọkọ yín bá lè fi owó tó ń wọlé fún un hàn, tí wọ́n sì ra ìdójútòfò ìlera tó kéré tán tó dọ́là Kánádà 100,000. Kí ọkọ yín fúnra rẹ̀ ló bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kó má jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n á máa rò pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n bá yín lọ.